Ajúà Inú Àmù

Ọjọ́ kẹsàn-án tí Lùkmọ́nù wá ra yìnyín ni sùúrù tán lọ́wọ́ Mùbárákà. Ẹja inú yìnyín ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Èjìgbò: títúùsì, kótè, pánlá. Omi tó bá sì dì nínú fíríísà rẹ̀, ó ń tà á fún àwọn onímínírà àti àwọn onísóbò. Gbogbo wọn ló mọ̀ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò ta nǹkan kan. Á gbé kúlà pupa kan wá, á ra yìnyín márùn-ún, á rẹ́rìn-ín, á lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà nítòsí ti dá ẹjọ́ tirẹ̀: òkú ni ọkùnrin náà ń tọ́jú sílé.

“Bọ̀dá, ẹ má bínú o,” ni Mùbárákà wí, bó ṣe ń kó yìnyín sínú kúlà. “Kí lẹ ń fi yìnyín ṣe lójoojúmọ́?”

“Ẹnì kan wà nílé tí kì í fẹ́ ooru.”

“Ìyàwó yín ni?”

“Mi ò tíì níyàwó.”

“Màmá yín ńkọ́?”

“Màmá mi ti kú. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.” Ó wá tẹ etí sí ara fíríísà bí ìgbà tí dókítà bá ń gbọ́ àyà èèyàn. “Fíríísà yín yìí ń kérora. Tí ẹ ò bá jẹ́ kí n wò ó, kò ní lò tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Iṣẹ́ mi ni. Fíríìjì ni mo ń tún ṣe. Ọdún méje ni mo fi ṣe é ní Àbíjàn.”

Mùbárákà fọwọ́ lé ìbàdí. “Ẹ ń tún fíríìjì ṣe, ẹ wá ń ra yìnyín lọ́wọ́ mi?”

“Ẹ ò rí ayé mi bí?” ni Lùkmọ́nù wí, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé oníbàárà tó dúró lẹ́yìn Lùkmọ́nù ní kí ó jọ̀ọ́ yẹ̀ fún òun kí òun ra kótè òun.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lùkmọ́nù tún fíríísà ṣe, ó tún un ṣe dáadáa, síbẹ̀ ó ń wá yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ bí ẹni pé aláìsàn ni. Á jókòó lórí àpótí ẹja, ọ̀rọ̀ á wọ̀ wọ́n lára, yìnyín inú kúlà á sì máa yọ́. Nígbà tó bá rántí, á fò dìde, á sáré bọ́ sórí ọ̀kadà. Ìsáré yẹn ló ń dun Mùbárákà. Ta ló wà nílé tí a ń sáré lọ bá báyẹn?

Mùbárákà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ilé sì ti ń wò ó. Àmù kan wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ bàbá rẹ̀, Àlhájì Mùtàlíbù, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ìyá Àlhájì ló ra àmù mẹ́ta kó tó jáde láyé, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin mẹ́ta. Ó ní àmù kankan kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé náà àyàfi lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá ń lọ sílé ọkọ, tó bá sì ti jáde, kò gbọ́dọ̀ padà. Méjì ti tẹ̀lé àwọn ẹ̀gbọ́n Mùbárákà lọ. Ẹ̀kẹta ló kù, ó rí rogodo, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, àwo fífẹ̀ bò ó lẹ́nu. Bí ìyá Mùbárákà bá ń gbálẹ̀ yí i ká, á ní, “Àmù yìí, ìwọ ò tiẹ̀ fẹ́ lọ rárá ni?” Gbogbo ilé ló mọ ẹni tó ń bá wí.

Nígbà tó di oṣù kẹta, Lùkmọ́nù là á mọ́lẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Inú Mùbárákà dùn débi pé ó wọn títúùsì fún ẹni tó fẹ́ ra kótè. Ṣùgbọ́n kò tíì gbà.

“Ẹ kọ́kọ́ fi ẹni tó ń lo yìnyín hàn mí.”

Ojú Lùkmọ́nù yí padà. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. “Tí mo bá fi hàn ọ́, o ò ní pariwo?”

“Tí kì í bá ṣe òkú, mi ò ní pariwo.”

Ọ̀sán gangan ni wọ́n lọ sílé tó háyà lójú ọ̀nà Ìfẹ̀-Ọ̀dàn, gbogbo ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Nínú yàrá tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ọpọ́n onírọ́bà ńlá kan wà nílẹ̀, ìgò omi dídì léfòó sójú omi rẹ̀. Lùkmọ́nù ní kó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mùbárákà kọ́kọ́ rí àpáàdì kan tó dojú dé sísàlẹ̀ omi. Lẹ́yìn náà ni orí kan yọ láti abẹ́ àpáàdì náà.

Ó funfun, ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Gígùn rẹ̀ kò ju rúlà ọmọ iléèwé lọ. Ó nírù bí ẹja, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú ìka wẹ́wẹ́, nǹkan pupa bí ìyẹ́ sì tò mẹ́ta mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ojú rẹ̀ kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Ẹnu rẹ̀ wá fẹ̀ bí ti ẹni tó gbọ́ àwàdà tí kò fẹ́ sọ fún ẹlòmíràn.

Mùbárákà kò pariwo. Ó kàn di apá Lùkmọ́nù mú títí àpá ìka rẹ̀ fi hàn sára ọkùnrin náà.

“Ajúà nìyẹn,” ni Lùkmọ́nù wí. “Ásólótù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Mẹ́síkò ni ìran wọn ti wá, nínú adágún omi tó tutù nini. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Láàárín irú wọn, ìyá àgbà ni.”

Tíṣà obìnrin àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Àbíjàn ló ni ín, ọmọ ẹ̀yà Baulé. Lùkmọ́nù ló máa ń tún ẹ̀rọ tó ń mú omi rẹ̀ tutù ṣe. Nígbà tí ọmọ tíṣà náà mú ìyá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ẹranko àgbà tí kò lè bí mọ́, tí kò rẹwà mọ́. Lùkmọ́nù ń kó ẹrù padà sílé lọ́wọ́ nígbà náà. Ó gbé Ajúà sínú kúlà, ó bá a wọ bọ́ọ̀sì Èjìgbò, ó gba Gánà, ó gba Tógò, ó gba Kútọnu. Ní gbogbo bọ́dà tí wọ́n bá ní kó ṣí kúlà, ó ń sọ pé ẹja ni. Ẹ̀rọ ìmútutù náà fọ́ sójú ọ̀nà, kò sì rí ohun èlò rẹ̀ rà.

“Ekòló ló ń jẹ. Omi kànga nìkan ni, kò fẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n da oògùn sí. A kì í fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ ẹlẹgẹ́ ni. Kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, kò fẹ́ ariwo. Látìgbà tó sì ti dé, oúnjẹ rẹ̀ ò tó nǹkan. Àgbàlagbà tó kó kúrò nílé tó ti mọ́ ọn lára ni, Mùbárákà. Ó ń wá ilé rẹ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi í pamọ́?”

“Ilé tí mo kọ́kọ́ háyà, ìyàwó onílé rí i. Ó ní anjọ̀nú ni. Wọ́n ti gbé omi gbígbóná kí n tó dé.” Ó rọra ti ìgò omi dídì sún mọ́ àpáàdì náà. “Mo ṣèlérí fún ìyá tíṣà yẹn pé ọwọ́ mi ló máa kú sí, tó bá di ọjọ́ rẹ̀.”

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ Mùbárákà lára pátápátá. Ó ní òun gbà, òun máa fẹ́ ẹ. Ó sì ṣèlérí pé òun ò ní sọ ọ̀rọ̀ Ajúà fún ẹnikẹ́ni.

Ìlérí náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Nílé Àlhájì Mùtàlíbù, a kì í gba ọkọ láìṣe ìwádìí, àgàgà ọkọ tó ti Àbíjàn dé. Èjìgbò mọ ìtàn ọ̀dọ́kùnrin tó wá fẹ́yàwó sílé nígbà tí ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta wà lọ́hùn-ún. Àlhájì rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Màmá Ìsùndúnrìn, nítorí ibẹ̀ ló relé ọkọ. Òun náà ti gbé Kòdífúà, ilẹ̀ tí Àbíjàn wà, rí, kò sì sí ìwádìí tó ń ṣe tí kì í rídìí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló lọ. Ó padà dé kí omi tó gbé kaná tó hó.

“Mùtàlíbù, obìnrin wà nílé ọkùnrin yẹn.”

Mùbárákà tó ń gbé omi tútù bọ̀ fún un dúró sójú kan.

“Mo ń bọ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Ó ń sọ Faransé. Ó ń bẹ̀ ẹ́! ‘Ajúà, viens manger.’ Kó wá jẹun. Ó ní ṣé òun ló bí i nínú ni. Ó ní kó jọ̀ọ́ jẹ díẹ̀ péré. Obìnrin náà kò dá a lóhùn. Mo kan ilẹ̀kùn, ó jáde, ó ti yàrá pa lẹ́yìn ara rẹ̀. Mo ní ta ló wà nínú ilé, ó ní kò sí ẹnikẹ́ni.”

“Ajúà,” ni Àlhájì wí. “Orúkọ ọmọbìnrin Baulé. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa.”

Ìyá Mùbárákà wúkọ́ láti ilé ìdáná. “Ẹ mọ̀ wọ́n lóòótọ́.”

Àlhájì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mùbárákà sì rí i pé kò sí ìlérí tó lè pa mọ́ mọ́. Ó kúnlẹ̀. “Bàbá mi, kì í ṣe èèyàn. Ẹranko inú omi ni. Mo ti fojú mi rí i.”

“Ẹranko wo ló ń gbọ́ Faransé?”

“Àbíjàn ló ti wá, sà. Faransé ni wọ́n fi tọ́ ọ.”

Màmá Ìsùndúnrìn gbé ọwọ́ lé orí. Àlhájì tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbínú borí rẹ̀. “Ó ti pa irọ́ fún ẹ, ìwọ náà wá ń bá a pa á. O ò gbọ́dọ̀ lọ sílé ọkùnrin yẹn mọ́. Ẹsẹ̀ tèmi náà ò ní tẹ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti tán.”

Mùbárákà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń ha ìpẹ́ ẹja, èrò kan wá ń gún un lọ́kàn. Ọkùnrin tó lè fi ẹranko pamọ́ fún oṣù mẹ́ta, kí ni kò ní lè fi pamọ́? Ó ti rí Ajúà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ohun tó wà láti rí ló ti rí? Ó bínú sí ara rẹ̀ fún èrò náà, ó sì tún ń rò ó. Lùkmọ́nù pè é lórí fóònù nígbà mẹ́rin, kò gbé e.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tiransifọ́mà àdúgbò jó. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, òwúrọ̀ tutù, ṣùgbọ́n ọ̀sán ń ta èèyàn lára bí ata. Mùbárákà ta gbogbo ẹja rẹ̀ ní wàràwàrà, ó ṣí ilẹ̀kùn fíríísà sílẹ̀. Kò sí yìnyín nílé, kò sí lọ́jà. Lọ́jọ́ kẹfà tí iná lọ, fóònù tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé e.

“Mi ò pè ọ́ nítorí tèmi,” ni Lùkmọ́nù wí kíákíá. “Ajúà ò jẹun láti ọjọ́ mọ́kànlá. Omi ń gbóná lójú mi. Mo lọ sí Máṣífà lọ wá yìnyín, kí n tó padà dé, ó ti di omi. Àwọn ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ti ń rọ. Mùbárákà, mo rò pé ó ń kú lọ. Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.”

Ohùn ọkùnrin àgbà tó fẹ́ sunkún ni. Ọkùnrin kì í sunkún báyẹn lórí irọ́. Iyèméjì tó wà lọ́kàn Mùbárákà kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó bu omi nínú àmù ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Omi náà tutù débi pé ó mú un léyín. Ó wo ife. Ó wo àmù tí ara rẹ̀ tutù rinrin nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́, tí kò sẹ́ni tó fi yìnyín sí i rí.

Ó wọ pálọ̀, ó sì dúró níwájú àmù tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ bá a níbẹ̀.

“Mo fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Lùkmọ́nù, mà.”

“O mọ ohun tó túmọ̀ sí tí àmù yìí bá jáde?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà.”

“O mọ̀ pé kì í padà?”

“Mo mọ̀, mà.”

“Bàbá ẹ ò sì tíì gbà.”

“Wọn ò tíì gbà, mà.” Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n èmi ti gbà.”

Ìyá rẹ̀ tún ìró ara rẹ̀ ró, ó so ó le. “Lọ mú òṣùká wá. Tètè, kí bàbá ẹ tó ti mọ́sálásí dé.”

Àwọn méjèèjì gbé àmù náà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mùbárákà dì í mọ́ra gbágbáágbá títí dé ojú ọ̀nà Ìfẹ̀-Ọ̀dàn, ní gbogbo gegele ọ̀nà ló ń bẹ oníkẹ̀kẹ́ kó rọra. Lẹ́yìn ilé Lùkmọ́nù, lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n ri àmù náà dé ìdajì, wọ́n wá fi omi rin yanrìn náà gbingbin. Wọ́n pọn omi kànga sínú rẹ̀, wọ́n dúró kó tutù. Abọ́ ni Lùkmọ́nù fi bu Ajúà pẹ̀lú omi rẹ̀, ó rọra dà á sínú àmù pẹ̀lú àpáàdì rẹ̀, kò jẹ́ kí ọwọ́ kàn án. Ajúà rì sísàlẹ̀ bí aṣọ tó jábọ́.

“Àmù yìí,” ni Lùkmọ́nù wí, “ṣé kì í ṣe èyí tó o sọ ìtàn rẹ̀ fún mi?”

“Òun ni.”

Lùkmọ́nù jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àlhájì Mùtàlíbù fẹ́ gbé bàtà rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pálọ̀. Ohun tó rí nílẹ̀ ni òbìrìkìtì kan tó mọ́ ju ìyókù ilẹ̀ lọ, níbi tí àmù ti jókòó fún ọdún mẹ́rìnlá.

“Ìyá Mùbárákà! Àmù dà?”

“Ó ti lọ sílé ọkọ ẹ̀.”

Àlhájì dé fìlà, ó gun ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ tó ní kò ní tẹ ilé náà tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sì bá ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sórí àmù lábẹ́ igi.

Lùkmọ́nù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àlhájì kò wò ó.

“Ajúà dà? Ẹ pè é jáde kí n rí i.”

“Kò lè jáde, sà,” ni Lùkmọ́nù wí láti ilẹ̀. “Inú àmù ló wà.”

“Nínú àmù ìyá mi?” Àlhájì sún mọ́ ọn, ó na ọrùn, ó bojú wo inú. Ajúà gbójú sókè láti inú omi, ó rẹ́rìn-ín sí i.

“Astagafurulà!” Àlhájì fò sẹ́yìn, fìlà funfun rẹ̀ ṣí, ó já sínú àmù plọ́ọ̀. Lùkmọ́nù fi igi yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mùbárákà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ń bà á, ó wá fi ìborùn dí ẹnu.

Àlhájì dúró títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Ó tún sún mọ́ ọn. Ó wo ìka wẹ́wẹ́ náà, ó wo ìyẹ́ pupa tó ti ń nà padà nínú omi tútù. Ọdún mẹ́jọ ló ti dé láti Àbíjàn, kò sì rí ẹni bá sọ Faransé nílé, nítorí ìyá Mùbárákà kò fẹ́ gbọ́ ọ.

“Madame Ajúà,” ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. “On dit quoi?”

Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nígboro Àbíjàn nìyẹn. Lùkmọ́nù rọra na igi pẹlẹbẹ tí wọ́n há ekòló sí lẹ́nu sí i. Àlhájì gbà á, ó rì í sínú omi níwájú Ajúà. “Viens manger, ma vieille. Wá jẹun, ìyá àgbà. Èmi náà mọ bí àjò ṣe rí.”

Ajúà kò mira. Lẹ́yìn náà ni ẹnu ńlá yẹn là, omi ró pò, ekòló kò sí mọ́.

“Ó jẹ ẹ́!” Àlhájì ké bí ẹni tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá góòlù sáwọ̀n. “Ẹ mú òmíràn wá! Ó jẹ ẹ́!” Mùbárákà àti Lùkmọ́nù ti dì mọ́ra kí wọ́n tó rántí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kíá ni wọ́n jára wọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn ekòló kẹta, Àlhájì jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò, fìlà tútù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọdún mẹ́fà ni mo fi ní ìyàwó ní Àbíjàn kí ìyá ẹ tó mọ̀,” ló wí fún Mùbárákà. “Ọjọ́ tó mọ̀, kò bá mi jà. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mí tó ìyẹn. Mo wá búra pé ọkùnrin kankan ò ní jẹ́ kí ọmọ mi jókòó báyẹn.” Ó yíjú sí Lùkmọ́nù. “Ìyẹn ni mo ṣe ń lé ẹ. Ara mi ni mo rò pé mo rí.”

“Mo jẹ̀bi, sà,” ni Lùkmọ́nù dáhùn. “Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.”

“O jẹ̀bi gan-an. Ohun mìíràn tún wà tó o fi pamọ́?”

“Kò sí, sà. Ajúà nìkan ni.”

Àlhájì dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára. Ó fọwọ́ pa ìdí àmù ìyá rẹ̀, ní ibi tó ti tutù. “Ó dáa. Àmù ìyá mi kì í jáde kó padà. Sọ fún àwọn ẹbí ẹ kí wọ́n wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́ Àìkú, torí ẹrù ìyàwó ti wọlé ọkọ. Kó má di pé ìlú ń bi mí pé ìyàwó dà.”

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, wọ́n ti so yìgì. Nígbà tí wọ́n sin Mùbárákà dé ojú ọ̀nà Ìfẹ̀-Ọ̀dàn, wọ́n fi omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyàwó. Ó fẹ́ wọlé, ni Màmá Ìsùndúnrìn bá dí i lọ́nà.

“Níbo lò ń lọ? Mo sọ ọ́, ẹ ní irọ́ ni. Ṣé mi ò sọ pé obìnrin kan wà nílé yìí?” Ó di ọwọ́ ìyàwó mú, ó fà á lọ sẹ́yìn ilé, gbogbo èrò ń tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. “Lọ kí ìyálé ẹ.”

Mùbárákà kúnlẹ̀ nínú yanrìn tútù pẹ̀lú aṣọ ìyàwó lọ́rùn. Ó bojú wo inú àmù tó jẹ́ tirẹ̀.

“Ìyálé mi,” ló wí, “ẹ kú ilé o.”

Ajúà jáde lábẹ́ àpáàdì rẹ̀, ó gbé ẹnu ńlá yẹn sókè. Ekòló ló ń retí.